Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: ABẸ́RẸ́ TÍ ÀWỌN ỌMỌ FI Ń FÍN ARA NÍLÉ



Ara fínfín kì í ṣe tuntun. Olóólà máa ń fi abẹ kọ kóló sára àwọn ìyá wa àgbà, a sì fi èédú kíkúnná rà á. Ti àwọn ọmọ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò tó ń fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti yíǹkì bírò fín ara fún ara wọn nínú yàrá ló ń kọ wá lóminú. Abẹ́rẹ́ kan lè kárí ọmọ mẹ́rin!

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí dókítà ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Éèdì náà ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun ti fi sípíríìtì nù ún tàbí òun ti yan án níná ìṣáná, kò tó. Abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n já nínú ọ̀rá níṣojú ẹni, fún ẹnì kan ṣoṣo, ni. Yíǹkì ńkọ́? Èyí tí wọ́n ti ki abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn bọ̀ ti lẹ́jẹ̀ nínú, àwọn èèyàn kì í sì í ronú kàn án. Bíléèdì gbẹ́rẹ́ náà ńkọ́, ẹ̀yin ìyá? Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Bí ọmọ bá ti ṣe é tán, ẹ má tíì nà án. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù pàṣán á wọ ẹ̀wù alápá gígùn bò ó títí á fi kẹ̀. Kó fọ ọwọ́, kó fi ọṣẹ tí kò ta àti omi mímọ́ fọ ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Kò sí eérú, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kó má sì ṣí èépá rẹ̀. Kó má wẹ̀ nínú ọ̀sà títí á fi jinná.

Tó bá ń wú sí i, tó gbóná, tó ń ṣọyún, tàbí ibà dé, ẹ palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Pípọ́n lè má hàn lára dúdú, torí náà ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tó ń mú párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan. Ẹ bèèrè àjẹsára hepatitis B náà: 2004 ni ìjọba fi í kún ti ọmọ jòjòló, ẹni tí wọ́n bí ṣáájú lè má gbà á rí.

Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n lò, ẹ má jẹ́ kó tó wákàtí 72 kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Oògùn wà tí wọ́n lè fún un kí éèdì má bàa ràn án, àmọ́ tí àkókò yẹn bá ti kọjá, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.