Òǹkà Yorùbá Wà Nínú Àpò Owó Ẹyọ: Ọjà Èkó Láyé Àtijọ́

Ẹ̀kọ́ ìtàn la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, Èkó la sì ń lọ. Kì í ṣe Èkó ti afárá kẹta àti dánfó o. Èkó ti nǹkan bí 1850 sí 1916 ni, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó epo pupa wá láti ìlú òkè, tí ìyá ilé ń fi ìkarahun ra iyọ̀, tí ọba àti kọ́ńsúlù òyìnbó sì ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ lórí gbèsè ọjà.

Orí nọ́ńbà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la máa ń ráhùn tí wọ́n bá ní ká ka òǹkà Yorùbá. Ta ló ní kí márùndínlógún jẹ́ ogún tí a yọ márùn-ún nínú rẹ̀? Kí ló dé tí 2,000 fi ní orúkọ tirẹ̀, ẹgbàá, tí 20,000 náà tún ní tirẹ̀, ọ̀kẹ́? Ẹni tó bá mọ owó ẹyọ kò ní béèrè.

Owó ẹyọ jẹ́ ìkarahun kékeré kan tó ń dán. Inú òkun tó yí àwọn erékùṣù Maldives ká, ní ìsàlẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o. Ẹ ò lè rí i ṣà létí ọ̀sà Èkó láéláé, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣe é ná, nítorí ohun tí gbogbo èèyàn bá lè ṣà nílẹ̀ kò lè di owó. Wọ́n á lu ihò sí i lẹ́yìn, wọ́n á sín ogójì sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ò sì ju àpò lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 40 lọ́nà 50 jẹ́ 2,000, 2,000 lọ́nà 10 jẹ́ 20,000. Àpò owó ni wọ́n ń kà tí wọ́n fi sọ nọ́ńbà ní ọ̀kẹ́.

Àlùfáà kan wà tó ń jẹ́ Adolphus Mann, ara àwọn míṣọ́nnárì CMS tó gbé ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1887, ó kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń ka owó yìí. Ẹni tó fẹ́ kà á á jókòó tàbí kó kúnlẹ̀ ti òkìtì ẹyọ nílẹ̀, á máa fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Tó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ogún ti pé. Ogún márùn-ún á para pọ̀ di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Ẹni tó bá ti ń kà báyìí láti àárọ̀ di alẹ́, òkìtì ogún ló máa wà lójú rẹ̀. Tí wọ́n bá wá bi í pé mélòó ló kù lọ́wọ́, ó rọrùn fún un láti sọ pé márùn-ún ló dín kí ogún pé. Lójú tèmi, àlàyé yìí mọ́gbọ́n wá ju kéèyàn kàn máa sọ pé "bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é nìyẹn" lọ.

Kí wá ni wọ́n ń fi ẹyọ yìí rà? A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ níbí. Kí epo tó di ọjà ńlá, èèyàn ni wọ́n ń tà. Èkó wà lára àwọn èbúté tí wọ́n ti kó ẹrú jù lọ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Bùràsíl ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá lọ. Ní December 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1852, ó tọwọ́ bọ ìwé pé òwò ẹrú ti parí. Ìwé ìtàn wa sọ pé torí òwò ẹrú ni wọ́n ṣe wá. Bẹ́ẹ̀ ni o, àmọ́ epo náà wà lójú wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílò epo láti fi pa ẹ̀rọ, wọ́n sì ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé kèǹgbè epo kan láti oko. Àwọn obìnrin ló máa ń se ẹyìn, tí wọ́n á gún un, tí wọ́n á fún epo rẹ̀. Alájàpá á rà á lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ títí ẹrù á fi pọ̀. Ti Abẹ́òkúta á gba odò Ògùn sọ̀ kalẹ̀. Ti Ìjẹ̀bú á gba ọjà Ẹ̀jìnrìn tàbí Ìkòròdú, wọ́n á wá fi ọkọ̀ sọdá ọ̀sà. Tó bá dé Èkó, á bọ́ sínú àgbá, àgbá á dé ilé ìṣòwò òyìnbó létí omi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Jámánì wà níbẹ̀ bíi ti Gaiser láti Hamburg, Faransé náà wà níbẹ̀ bíi ti Régis láti Marseilles. Ohun tí wọ́n ń fi rọ́pò epo ni aṣọ, iyọ̀, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù, pẹ̀lú tábà tó ń ti Bùràsíl wá.

Bí àgbá bá ti dé etí omi, wàhálà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ní ẹnu ibi tí ọ̀sà ti wọ òkun, iyanrìn ti gbára jọ sábẹ́ omi, ìgbì sì ń ru níbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí lójú agbami, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á máa kó ẹrù lọ bá a, ọ̀pọ̀ ẹrù àti ẹ̀mí ló sì bá ìgbì lọ. Ìgbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù Èkó gba Forcados, kí wọ́n tó tún kó o sínú ọkọ̀ ńlá. Ó di 1908 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun láti ṣí ẹnu ọ̀nà yẹn.

Láti nǹkan bí 1860 lọ, èkùrọ́ náà wọ ọjà. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n ń da púpọ̀ nínú rẹ̀ nù. Àwọn Jámánì ló rí ohun tí wọ́n lè fi ṣe: wọ́n ń fún òróró rẹ̀ ní Hamburg, wọ́n sì ń fi ìdàrọ́ rẹ̀ bọ́ màlúù. Ṣùgbọ́n ta ló ń pa èkùrọ́? Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni, lórí òkúta, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti pa èkùrọ́ jẹ rí nílé ìyá àgbà, ẹ fojú inú wo kí èèyàn pa á títí á fi kún ọkọ̀ òkun.

Àwìn ni ẹ̀mí òwò yìí. Òyìnbó á kó ọjà fún oníṣòwò Èkó láìgba kọ́bọ̀, òun náà á kó o fún alájàpá, alájàpá á gbé e lọ sókè. Epo tó bá padà wá ni wọ́n á fi san án. Tí ogun bá wá bẹ́ sílẹ̀ lókè, tàbí tí Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú bá ti ọ̀nà pa, epo ò ní sọ̀ kalẹ̀, gbèsè ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn ò lópin láàárín wọn. Òyìnbó á ní wọ́n bu omi sí epo, wọ́n da òkúta mọ́ èkùrọ́. Ọlọ́jà á ní òyìnbó bu omi sí ọtí, aṣọ ò sì gùn tó bó ṣe sọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ẹfúnróyè Tinúbú ti wọlé. Ó ta iyọ̀, ó ta tábà, ó ta ẹrú pẹ̀lú, a ò gbọdọ̀ fi ìyẹn pa mọ́ torí pé akọni ni. Nígbà tí Dòsùmú jọba lẹ́yìn Akíntóyè ní 1853, ọ̀rọ̀ Tinúbú ń ta létí ọba, àwọn oníṣòwò òyìnbó sì ń béèrè gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́ńsúlù Benjamin Campbell ò fẹ́ ẹni tí agbára rẹ̀ ń dí tirẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1856, ó fúngun mọ́ ọba títí wọ́n fi lé Tinúbú kúrò ní Èkó. Abẹ́òkúta ló lọ, ibẹ̀ ló sì ti di Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ẹ wò ó dáadáa: ọba ṣì wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, ìwé kankan ò tíì sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ni Èkó, síbẹ̀ kọ́ńsúlù ti ń sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé ìlú.

Ohun tó bá owó ẹyọ jẹ́ náà ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn oníṣòwò láti Hamburg, O'Swald ni ká dárúkọ, rí i pé irú ẹyọ mìíràn wà ní Zanzibar, tó tóbi díẹ̀ ju ti Maldives lọ, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń rà á níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó o wá sí Èkó, wọ́n ń fi ra epo. Èrè ńlá ni fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ ṣe ń pọ̀ sí i nílùú, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó lè rà ń kéré sí i. Ìyá tó ti kó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pa mọ́ sínú ìkòkò ò ná an, olè ò jí i, síbẹ̀ ó ń dínkù. Tíṣà ọrọ̀ ajé wa mọ orúkọ tí wọ́n ń pe èyí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n ní ọjà.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ọba díwọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù August 1861, wọ́n mú kí Dòsùmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn á máa fún un ní ẹgbẹ̀fà ọ̀kẹ́ ẹyọ lọ́dún, ìyẹn àpò 1,200. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí £1,030. Tí a bá pín in, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ nǹkan bíi ṣílè mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn fi máa parí, ẹgbàá kan ò ju sísì lọ, ọ̀kẹ́ kan sì di ṣílè márùn-ún. Tó bá jẹ́ pé àpò ẹyọ gan-an ni wọ́n ń kà fún ààfin títí di ìgbà yẹn, 1,200 àpò kan náà ì bá ti di £300. Wọn ì bá má yọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ o!

Ẹyọ tún wúwo. Ọ̀kẹ́ kan ti tó ẹrù orí fún alárùú kan. Ní ṣílè márùn-ún lórí ọ̀kẹ́, ẹni tó bá fẹ́ gbé £10 rìnrìn àjò nílò ogójì èèyàn, yóò bọ́ wọn, yóò sì sanwó fún wọn. Apá owó náà á ti wọ inú ikùn kó tó débi tó ń lọ. Ìdí nìyí tí fàdákà Gẹ̀ẹ́sì fi borí. Ní 1894 ni Bank of British West Africa ṣílẹ̀kùn, orúkọ bíi tọ́rọ́, sísì àti ṣílè sì gba ẹnu àwọn ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ ò kúrò lẹ́nu.

Àwa ẹgbẹ́ oníròyìn ò lè kọjá láìdárúkọ ìwé ìròyìn. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọgọ́fà ẹyọ ni wọ́n ń tà á, okùn mẹ́ta gééré. Ní Èkó, Robert Campbell tó wá láti Jamaica bẹ̀rẹ̀ Anglo-African ní 1863, Richard Beale Blaize sì gbé Lagos Times jáde ní 1880. Oníṣòwò ni Blaize. Kò yani lẹ́nu pé owó ibodè àti ọ̀nà tí wọ́n tì pa ń gba ojú ewé nínú irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń kà á, ọjà wọn ló wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ owó náà ló tún gbé ìlú dìde nípa omi. Ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wá láti Ijù, ó sì fẹ́ kí ará Èkó máa san owó omi. Àwọn èèyàn ní àwọn ní kànga, pé òyìnbó tó fẹ́ omi ẹ̀rọ ni kó sanwó rẹ̀. Ní 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó yìí. Omi dé ní 1915. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ gba owó náà ní 1916, àwọn obìnrin ọlọ́jà ti ọjà pa. Àwọn dókítà wa ti rọ̀ nígbà yẹn, wọ́n ti gbà kí wọ́n san án, àwọn ará ìlú ò sì dárí jì wọ́n bọ̀rọ̀.

Ó yá, iṣẹ́ fún yín. Tí o bá ní ọ̀kẹ́ ẹyọ kan ní 1859, ẹ̀dà Ìwé Ìròyìn mélòó lo lè rà, okùn mélòó ló sì máa ṣẹ́ kù? Òǹkà Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ìdáhùn o, a ò gba nọ́ńbà òyìnbó. Ẹ jù ú sínú àpótí tó wà nísàlẹ̀ pátákó yìí kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.