Kílò Mẹ́sàn-án Tó Padà Wá Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

ÌBÉÈRÈ: Ìlú London ni mo ń gbé. Ní 2018, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gastric bypass fún mi nítorí pé mo sanra jù. Kílò 124 ni mo wà nígbà náà. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, mo ti já sí 82. Ní báyìí mo ti padà sí 91, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí mò ń jẹ kò tó ìdajì tàwọn ará ilé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ikùn mi ló ti fẹ̀ padà, pé kí n tún bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ olómi tí mo jẹ lóṣù àkọ́kọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kálórì mélòó ló yẹ kí n máa jẹ lójúmọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ire fún àbúrò, àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn ò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú kílò 42 tó lọ, mẹ́sàn-án péré ló padà. 33 tó kù kò padà wá.

Àwọn oníwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, tọpa àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí gan-an fún ọdún 12, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Ní ìpíndọ́gba, kílò 45 ló ti kúrò lára wọn lọ́dún kejì. Nígbà tó fi di ọdún kẹfà, ó ti dín sí 36. Lọ́dún kejìlá, ó jẹ́ 35. Ìyẹn ni pé díẹ̀ padà, lẹ́yìn náà ìwọ̀n ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ arábìnrin tó béèrè ìbéèrè yìí bá tiwọn mu régí.

Ikùn tó fẹ̀ padà ńkọ́? Nínú gastric bypass, dókítà á ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, tó jẹ́ pé nǹkan bíi mílílítà 30 ló ń gbà, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì. Á wá so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè fo ìyókù àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Kì í sì í ṣe kíkéré àpò yìí nìkan ló ń ṣiṣẹ́: bí oúnjẹ ṣe ń tètè dé ìsàlẹ̀ ìfun, ìfun á tú họ́mọ̀nù tó ń sọ fún ọpọlọ pé èèyàn ti yó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àpò náà máa ń fẹ̀ díẹ̀, ebi tó ti sá lọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Oúnjẹ olómi ò lè sún àpò náà kì. Bí purotéènì inú rẹ̀ kò bá tó, ẹran ara ló máa joro.

Kò sẹ́ni tó lè jẹ oúnjẹ oṣù àkọ́kọ́ títí ayé. Ní Sweden, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní SOS ní 1987, àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ sọ pé nǹkan bíi kálórì 2900 làwọn ń jẹ lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Lóṣù kẹfà, ó já sí 1500. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ti gòkè padà sí nǹkan bíi 2000.

Kálórì mélòó ló wá gbé kílò mẹ́sàn-án dé? Kevin Hall, tó jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní National Institutes of Health ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2011. Bí àgbàlagbà bá fi nǹkan bíi kálórì 24 kún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, tí kò sì dáwọ́ dúró, kílò kan ni yóò fi wúwo sí i nígbẹ̀yìn. Ìdajì rẹ̀ á dé láàárín ọdún kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán lọ́dún kẹta. Nípa ìṣirò yìí, kálórì bíi 216 lójúmọ́ ti tó fún kílò mẹ́sàn-án. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà kan, 50cl, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye yẹn.

Arábìnrin yìí kò wá parọ́ bó ṣe ní oúnjẹ òun kò tó ìdajì tàwọn ará ilé.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò èèyàn mẹ́rin. Ẹni tó ń sè é gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sì ń da epo pupa sí i títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí wọ́n bá fi ṣíbí ìjẹun wọn epo yẹn, ó lè tó mẹ́jọ. Ṣíbí kan jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120. Méjì ló kan abọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 240, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹja tàbí òkèlè. Òkèlè rẹ̀ lè má ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, kálórì ti bá ọbẹ̀ wọlé ná.

Àpò kékeré yẹn lè dá iyán àti ẹran dúró. Kì í dá ohun tó ń yọ́ lẹ́nu dúró. Ẹlòmíràn tí ẹran ti há lọ́nà ọ̀fun rí á rọra sá fún un, á wá fi ògì oníṣúgà, áísìkiriìmù, ṣinṣín àti mọ́ọ̀tì rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, gíráàmù 30, tó kálórì 170, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti jẹ ẹ́ tán níwájú tẹlifíṣọ̀n láìkà á sí oúnjẹ.

Kí arábìnrin yìí kọ gbogbo ohun tó bá jẹ àti ohun tó bá mu sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì máa fi ṣíbí wọn epo. Iye kálórì kan kò lè bá gbogbo èèyàn mu. Ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara àti bí èèyàn ṣe ń rìn sí ló ń sọ ọ́. Ibi tó dáa láti bẹ̀rẹ̀ ni kó yọ nǹkan bíi 200 kúrò nínú ohun tó bá rí lákọsílẹ̀. Purotéènì ni kó máa kọ́kọ́ jẹ, ó kéré tán gíráàmù 60 lójúmọ́: ẹyin kan ní bíi mẹ́fà, gíráàmù 100 adìyẹ sísè ní bíi 30. Kó má mu omi mọ́ oúnjẹ. Kó dúró fún bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Ọtí líle ńkọ́? Lẹ́yìn bypass, kíá ló ń wọ ẹ̀jẹ̀, gíráàmù kan ákọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sì jẹ́ kálórì méje.

Abẹ́rẹ́ tó ń dín ìwọ̀n ara kù, tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, náà wà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní London, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, fi hàn pé àwọn tó gba liraglutide, ọ̀kan lára irú abẹ́rẹ́ yìí, fún ọ̀sẹ̀ 24 fi bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn fúyẹ́. Àmọ́ àwọn tí iṣẹ́ abẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára wọn ni wọ́n lò fún un. Arábìnrin yìí ṣì fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n àtijọ́ fúyẹ́, kò sí lára irú wọn.

Ní England, lẹ́yìn ọdún méjì lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó yẹ kí ẹni náà máa rí dókítà ìdílé rẹ̀ (GP), ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n yẹ áyọ́ọ̀nù, fítámì B12, fítámì D àti kálísíọ́ọ̀mù wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti pẹ́ tó ti lọ, kó gba àyè lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá ń bì, tí àyà ń ta á, tàbí tí ebi kàn ṣàdédé gbóná, kó sọ ọ́ fún wọn, torí ihò lè ti là láti inú àpò kékeré yẹn sínú àpòlúkù àtijọ́. Kó mú ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà dání, pẹ̀lú orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, títí kan àgbo, nítorí oògùn kan wà tó ń mú ara wúwo láìjẹ́ pé oúnjẹ pọ̀.