Ìwé Ìmúrasílẹ̀ àti Ìwakọ̀ Eré-Ìje: Èwo ni Kí A Kọ́kọ́ Túmọ̀?

Ní ọdún 1975, ọkọ̀ Peugeot 504 ni ó gba ipò kìíní nínú eré-ìje Safari ní Kenya. Ove Andersson ni ó wà á. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ yìí pọ̀. Ọkọ̀ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni àwọn mẹkáníìkì wa ní Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún tú palẹ̀, tí wọ́n sì ń tò padà. Ìmọ̀ ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé tí ó ṣàlàyé bí a ṣe ń múra ọkọ̀ sílẹ̀ fún eré-ìje ni kò sí ní èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Nínú àwọn ìwé tí a máa ń dárúkọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré yìí, èwo ni kí olùtumọ̀ kọ́kọ́ mú, ọ̀rọ̀ wo ni yóò sì lò?

Ìwé ìwakọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. The Technique of Motor Racing ti Piero Taruffi kò ṣe é fojú fò: ẹnjiníà ni ọmọ Ítálì yìí, òun ni ó borí nínú Mille Miglia ọdún 1957, ìṣirò ni ó sì fi ṣàlàyé bí a ṣe ń gba kọ́nà. Speed Secrets tí Ross Bentley kọ ní 1998 rọrùn jù ú lọ. Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé Prepare to Win tí Carroll Smith kọ ní 1975 ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Ìwé náà kò kọ́ni ní eré sísá. Bóòtù, nọ́ọ̀tì, páìpù epo àti ti bíréèkì, àti àkọsílẹ̀ ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí ọkọ̀ tó jáde ni ó dá lé. Ọkọ̀ tí nọ́ọ̀tì táyà rẹ̀ tú kì í bèèrè bí awakọ̀ ti mọṣẹ́ tó, ìbáà ṣe ọkọ̀ eré-ìje tàbí èyí tí ń kó èrò lọ sí Ìbàdàn.

Orúkọ ohun tí ó wà nínú ìwé yìí kò ní yọ olùtumọ̀ lẹ́nu. Gbogbo ìdí iṣẹ́ ni a ti ń pè é. Ìwọ̀n ni ìṣòro. “Tàítì rẹ̀ dáadáa” ni ọ̀gá máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n dáadáa kì í ṣe ìwọ̀n. Bí a ti ń lọ́ bóòtù le ni ó ń nà díẹ̀, ìnà yìí ni ó sì fi ń di nǹkan mú. Bí a bá lọ́ ọ jù, yóò nà kọjá ibi tí ó ti lè sún padà, ó sì lè já. A dábàá “agbára ìlọ́” fún agbára tí ọwọ́ lò, ní ìlọ́po gígùn sípánà.

Tune to Win, tí Smith kan náà kọ ní 1978, ni ó le jù. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n èyí tí táyà iwájú ń gbé a pọ̀ sí i, ti ẹ̀yìn a sì dín kù. Bí a bá pe èyí ní “ìṣípò ẹrù”, òǹkàwé yóò rò pé àpò gààrí ni ó yọ̀ nínú bùútù. “Ìfaratì” sàn jù: ọkọ̀ fara ti táyà iwájú.

Ibi tí ìtumọ̀ ti lè pa ènìyàn wà níhìn-ín. Ìwà méjì ni ọkọ̀ máa ń hù ní kọ́nà. Èkíní, táyà iwájú kò di ilẹ̀ mú mọ́, ọkọ̀ ń lọ tààrà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ ti yí sítíárì. Èkejì, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó yọ̀ jáde. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò pè wọ́n ní “àìyító” àti “àyíjù”. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gbọ́ “àìyító” yóò tún yí sítíárì sí i, bẹ́ẹ̀ èyí gan-an ni yóò mú kí táyà túbọ̀ yọ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí ó dín iná tí ó ń tẹ̀ kù, kí ó sì dá sítíárì padà díẹ̀ títí táyà yóò fi di ilẹ̀ mú. A dábàá “oríkunkun” fún ti iwájú, àti “ìjùdí” fún ti ẹ̀yìn. Àwọn kan lè sọ pé ìjùdí ń rùn bí ojú agbo ijó. Kò burú, ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò mọ apá ibi tí ó ti yọ̀.

Ó ku ibi tí ọkọ̀ ti súnmọ́ etí inú kọ́nà jù lọ. “Ògóńgó” kò bá a mu, nítorí kò sí òkè níbẹ̀. “Ìkanetí” ni a yàn, kí a lè ní ìkanetí yíyá àti ìkanetí pípẹ́. Èyí tí ó pẹ́ ni àwọn olùkọ́ ìwakọ̀ ń dámọ̀ràn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, nítorí pé ọ̀nà á wà fún un láti tún sítíárì ṣe kí ó tó jáde ní kọ́nà.