Ìwé Sọ̀wédowó: Ǹjẹ́ Ó Ṣì Wúlò fún Ìnáwó Ojoojúmọ́?

Bí ènìyàn bá wọ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tàbí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn lónìí, tí ó ra iṣu, ata àti epo, ọ̀nà mẹ́ta ni ó lè gbà sanwó. Ó lè ka owó bébà lé ọlọ́jà lọ́wọ́. Ó lè fi fóònù rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọlọ́jà. Bí ó bá ní káàdì báńkì, ó lè lò ó lára ẹ̀rọ POS. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ìwé sọ̀wédowó jáde, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, àfàìmọ̀ kí ọlọ́jà má gba iṣu rẹ̀ padà.

Síbẹ̀síbẹ̀, ìwé náà kò tíì parẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ìjọsìn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ kan ṣì ń lò ó. Ó yẹ nígbà náà kí gbogbo ẹni tí owó ẹgbẹ́ tàbí owó irè oko ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá mọ ohun tí ìwé yìí jẹ́, ìdí tí ó fi ń kúrò lójú ọ̀nà, àti ohun rere inú rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ bá a lọ.

KÍ NI ÌWÉ SỌ̀WÉDOWÓ?

Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún un ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń sọ ìwé di owó. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ṣẹ́ẹ̀kì. Àṣẹ ni, tí ẹni tí ó ní owó ní báńkì kọ sí báńkì náà pé kí ó san iye báyìí fún ẹni báyìí nígbà tí ó bá mú ìwé náà wá. Ènìyàn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn: ẹni tí ó kọ ọ́, báńkì tí ó ń bá a tọ́jú owó, àti ẹni tí yóò gba owó.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ní báńkì, ṣùgbọ́n irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí wọn pátápátá. Nígbà tí ọba tàbí ìjòyè bá di àrokò ránṣẹ́, agbára àrokò náà kò sí nínú owó ẹyọ tàbí ìyẹ́ tí wọ́n so pọ̀. Inú àṣẹ ẹni tí ó dì í ni ó wà. Bákan náà ni sọ̀wédowó rí. Bébà lásán ni. Ohun tí ó ń sọ ọ́ di owó ni pé ẹni tí ó buwọ́ lù ú ní owó nílẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe é gbà gbọ́.

Lójú ìwé náà ni wọ́n ń kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tí yóò gba owó, iye owó ní ọ̀rọ̀, iye kan náà ní nọ́ḿbà, àti ìbuwọ́lùwé ẹni tí ó ni owó. Bí iye tí ó wà ní ọ̀rọ̀ kò bá bá ti nọ́ḿbà mu, báńkì lè dá ìwé náà padà. Bí wọ́n bá sì fa ìlà méjì kọjá lójú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé báńkì kò gbọdọ̀ ka owó náà síni lọ́wọ́ lórí káńtà. Inú àkáǹtì ni ó gbọ́dọ̀ wọ̀. Ààbò ni èyí jẹ́, nítorí bí olè bá jí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò hàn nínú àkáǹtì tí ó bá san án sí.

BÍ Ó ṢE DÉ

Ìwúwo owó ni ó bí sọ̀wédowó. Ní ayé owó ẹyọ, 20,000 ẹyọ ni wọ́n ń pè ní ọ̀kẹ́ kan, ẹrù gidi sì ni fún ẹni tí ó bá gbé e karí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, wúrà àti fàdákà wúwo, ọlọ́ṣà sì ń bẹ lójú ọ̀nà. Nítorí náà àwọn oníṣòwò London bẹ̀rẹ̀ sí fi owó wọn pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú owó, wọ́n sì ń kọ ìwé sí wọn pé kí wọ́n san án fún ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó pẹ́ jùlọ tí ó ṣì wà títí di òní, ọdún 1659 ni wọ́n kọ ọ́, iye rẹ̀ sì jẹ́ 400 pọ́ùn.

Àwọn báńkì òyìnbó ni ó mú àṣà náà dé Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1894. Ní 1933 ni àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí dá National Bank of Nigeria sílẹ̀, kí àwọn oníṣòwò dúdú náà lè rí báńkì tí yóò dá wọn lóhùn. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 1959. Ní 1961 sì ni ibi tí àwọn báńkì ti ń pàdé ṣe pàṣípààrọ̀ sọ̀wédowó ara wọn bẹ̀rẹ̀ ní Èkó.

ÌDÍ TÍ KÒ FI GBILẸ̀ NÍ ỌJÀ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ìgbà kan wà tí obìnrin ilé lè fi sọ̀wédowó san owó ẹran àti búrẹ́dì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rí ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti ọlọ́jà kò ní àkáǹtì, báńkì sì jìnnà sí abúlé. Lékè gbogbo rẹ̀, ọlọ́jà tí ó bá gba ìwé náà ní ọjọ́ ọjà kan lè má rí owó rẹ̀ títí ọjọ́ ọjà mìíràn yóò fi kò. Ó sì lè jẹ́ pé nígbà tí ó bá dé báńkì ni wọn yóò sọ fún un pé kò sí owó nílẹ̀.

Ìyà irú sọ̀wédowó òfìfo bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe òfin kan sí i ní 1977. Òfin náà sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá fi sọ̀wédowó gba ọjà tàbí owó, tí wọ́n mú un lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí ó wà lójú rẹ̀, tí báńkì sì dá a padà nítorí pé owó kò sí nílẹ̀ tàbí pé kò tó, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, láìsí àyè owó ìtanràn. Àfi bí ẹni náà bá lè fi hàn pé òun ní ìdí tí ó múná dóko láti gbà pé báńkì yóò san owó náà. Òfin yìí le, ṣùgbọ́n òfin kì í dá ìgbẹ́kẹ̀lé sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Owó ọwọ́ ni ọlọ́jà ṣì yàn.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Ní àwọn ilẹ̀ tí sọ̀wédowó ti gbilẹ̀ pàápàá, ó ń rẹ̀yìn. Denmark fi òpin sí i ní 2017. Gúúsù Áfíríkà dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 2020. Àwọn báńkì ńlá New Zealand sì fi í sílẹ̀ ní 2021. Ní Amẹ́ríkà, sọ̀wédowó tí àwọn ènìyàn fi sanwó ní ọdún 2000 tó bílíọ̀nù 42. Nígbà tí yóò fi di 2021, ó ti dín kù sí bílíọ̀nù 11. Kò kéré síbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ṣì ń fi í san owó ilé. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu àṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ wọn dáwọ́ sọ̀wédowó bébà dúró láti òpin oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n sì ya àwọn tí kò ní ọ̀nà sí báńkì sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kún fún ẹ̀kọ́ jùlọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2009, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ọ̀nà ìsanwó níbẹ̀ pinnu pé sọ̀wédowó yóò dópin ní 2018. Àwọn arúgbó fi ariwo ta, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú náà fi ariwo ta, àwọn aṣòfin sì gbè sẹ́yìn wọn. Ìbéèrè tí wọ́n bi ìgbìmọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni arúgbó tí kò lè lo ẹ̀rọ yóò máa fi san owó ẹni tí ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe? Ìdáhùn kò tẹ́ni lọ́rùn. Ní oṣù keje ọdún 2011, ìgbìmọ̀ náà yí ìpinnu rẹ̀ padà, sọ̀wédowó sì ń bẹ níbẹ̀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń lò ó kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kò yẹ kí ènìyàn sọ igbá àtijọ́ nù kí ó tó mọ ohun tí yóò máa fi bu omi.

BÍ Ó TI RÍ NÍ NÀÌJÍRÍÀ LÓNÌÍ

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé sọ̀wédowó kan kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 10 náírà lọ. Owó tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí ẹ̀rọ ni yóò gbà. Ní 2011 ni ètò tí ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2012, bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, àwọn báńkì dáwọ́ kíkó bébà kiri dúró. Àwòrán sọ̀wédowó ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ààlà tún wà lórí iye tí báńkì lè kà fún ẹni tí ó mú sọ̀wédowó ẹlòmíràn wá sórí káńtà. Iye náà a máa yí padà láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà kí olúkúlùkù béèrè rẹ̀ ní báńkì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà ṣọ̀wọ́n nítorí pípààrọ̀ owó náírà, àwọn tí kò fi fóònù ránwó rí kọ́ ọ tipátipá. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, owó yóò kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó fi ránṣẹ́ láìdé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á. Ìnira náà pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti lẹ nọ́ḿbà àkáǹtì wọn mọ́ ara ìsọ̀.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ SỌNÙ

Èé ṣe nígbà náà tí ẹgbẹ́ fi ṣì ń di ìwé sọ̀wédowó mú? Ìdí rẹ̀ ni ìbuwọ́lùwé. Lórí sọ̀wédowó ẹgbẹ́, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú: alága, akọ̀wé àti akápò. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó lè dá owó náà gbà. Àwọn àgbà sọ pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Kùkùté ìwé náà tí ó kù lẹ́yìn sì jẹ́ ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ lè yẹ̀ wò ní ọjọ́ ìpàdé.

Nísinsìnyí, kí ẹgbẹ́ kan sọ pé sọ̀wédowó ti di ti ayé àtijọ́, kí wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì akápò. Akápò náà lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú lójijì, àkáǹtì rẹ̀ ni owó náà wà, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì máa béèrè fún un. Bí olè bá jí fóònù rẹ̀, tí ó mọ nọ́ḿbà àṣírí rẹ̀, owó ọgọ́rùn-ún ìdílé lè fò lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Bí ìdánwò bá sì dé bá òun fúnra rẹ̀, kò sí ẹni kejì tí yóò sọ pé, “Dúró ná.”

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ní orúkọ ẹgbẹ́ ni kí wọ́n ṣí àkáǹtì, kì í ṣe ní orúkọ ẹnìkan. Kí wọ́n sì béèrè ní báńkì fún ètò tí ẹnìkan yóò fi kọ iye owó náà sórí ẹ̀rọ, tí ẹlòmíràn yóò sì fọwọ́ sí i kí owó tó kúrò. Àwọn báńkì ní irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́. Kí wọ́n máa gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa kà á sókè ní ìpàdé. Bí báńkì tí ó wà nítòsí kò bá lè ṣe èyí fún wọn, kí wọ́n má ṣe jù ìwé sọ̀wédowó wọn nù.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ẸNI TÍ ó Ń GBA OWÓ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àgbẹ̀ tí ó ta kòkó fún ẹni tí kò mọ̀ rí, tí ẹni náà fún un ní sọ̀wédowó, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹrù kúrò nílẹ̀ kí báńkì tó sọ pé owó ti wọlé. Kí ó wo ọjọ́, orúkọ rẹ̀ àti iye owó dáadáa, kí ó sì kọ ìwé tí wọ́n ti pa nǹkan kan rẹ́ lójú rẹ̀. Kí ó mú un lọ sí báńkì kíákíá, kí oṣù mẹ́ta má bàa kọjá.

Ẹni tí wọ́n fi fóònù sanwó fún pẹ̀lú kò gbọdọ̀ sùn. Àwọn ẹlẹ́tàn a máa fi iṣẹ́ èké ránṣẹ́ sórí fóònù pé owó ti wọlé, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní alẹ́ẹ̀tì èké. Iye tí ó wà nínú àkáǹtì gan-an ni kí ènìyàn yẹ̀ wò. Ẹ̀tàn tí ó ti ń gun ìwé rìn tẹ́lẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun fóònù.

Ní kúkúrú, sọ̀wédowó kò sí fún ìnáwó ojoojúmọ́ mọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ọjà rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún owó àjọní, èyíinì ni pé kí ojú méjì wà lára owó kan, ṣì kù nílẹ̀. Ohunkóhun tí ẹgbẹ́ bá fi dípò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Àwọn ta ni ọ̀rọ̀ sọ̀wédowó kan, kí sì ni iṣẹ́ ìlà méjì tí wọ́n ń fà kọjá lójú rẹ̀?
2. Kí ni ó mú kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí ìpinnu rẹ̀ padà ní 2011?
3. Orúkọ ta ni ó wà lórí àkáǹtì ẹgbẹ́ tí ó wà ní abúlé yìí, ènìyàn mélòó ni ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde?