Bí A Ṣe Ń So Awò Ìràwọ̀ Ẹlẹ́rọ Mọ́ Kọ̀ǹpútà Òde Òní

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní mọ́tò, tí ó ń fúnra rẹ̀ yí sí ibi tí a bá ní kí ó wò. Púpọ̀ nínú wọn ti pẹ́. Mọ́tò wọn ṣì lágbára, ṣùgbọ́n RS-232 ni wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ìlànà tí ó ti wà láti ọdún 1960. Kọ̀ǹpútà alágbèéká òde òní kò ní ihò rẹ̀ mọ́. USB ló kù. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé awò ti bàjẹ́, kí ó sì tà á ní ọ̀pọ̀.

Ògbufọ̀ ni a nílò láàárín àwọn méjèèjì: wáyà kékeré tí ń sọ USB di RS-232. Èyí tí ó ní FTDI nínú ni mo fara mọ́. Ayédèrú Prolific pọ̀ lọ́jà, dráífà Windows a sì máa kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú NexStar ti Celestron ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí rìmóòtù rẹ̀ ni wáyà ń wọ̀, kì í ṣe ara ẹsẹ̀ awò. Ẹ má ki wáyà bọ ihò kan torí pé ó gbà á! Iná RS-232 lè dé fóòtì 12. Ihò tí a ṣe fún fóòtì 5 lè jóná.

Kí a tó so ó, kí rìmóòtù kọ́kọ́ mọ ojú ọ̀run. Oṣù ni ó ń béèrè ṣáájú ọjọ́. Àgbègbè aago wa ni +1, a kì í sì í yí aago ní Nàìjíríà. Ojú ọ̀run ń yí dìgírì 15 ní wákàtí kan, nítorí náà àṣìṣe wákàtí kan ṣoṣo yóò mú kí awò wá ìràwọ̀ àkọ́kọ́ níbi tí kò sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wo abẹ́ Ports: ẹ ó rí nọ́ńbà bíi COM4. Nọ́ńbà yìí lè yí padà bí ẹ bá lo ihò USB mìíràn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ fi nọ́ńbà náà sínú Stellarium, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ yan NexStar. Bí ètò mìíràn bá béèrè iyára, 9600 ni. Ẹ wá tẹ Júpítà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ Ctrl àti 1, awò yóò yí lọ bá a. Kí wáyà gùn tó o, kí ó má baà wé mọ́ ẹsẹ̀ awò bí ó ti ń yí.