Àpótí Ìmọ̀: Inú Tó Ń Kùn, Ètè Tó Ń Wú

Bí àgbàlagbà bá mu ife mílíìkì kan, tí inú rẹ̀ ń kùn, tó ń wú, tó wá di ìgbẹ́ gbuuru, àlẹ́jì kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì, ni kò dà nínú ìfun kékeré. Ẹ́ńsáímù lactase tó yẹ kó ṣiṣẹ́ yìí máa ń dínkù lẹ́yìn ìgbà èwe. Bó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ Yorùbá nìyẹn. Lactose náà á dé ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, bakitéríà á sì sọ ọ́ di gáàsì. Sorbitol, ìyẹn ohun adùn inú ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, lè ṣe bákan náà fún ẹni tó bá jẹ ẹ́ lájẹjù. Wàrà díndín kì í sábà yọni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀: omi tí wọ́n sẹ́ dànù ti gbé púpọ̀ nínú lactose lọ.

Àlẹ́jì ní tirẹ̀, protéènì ẹ̀pà, edé tàbí mílíìkì fúnra rẹ̀ ni ara kà sí ọ̀tá. Ètè á wú, ara á lé, kódà bí oúnjẹ náà kò ju bíńtín lọ. Bí èémí bá há, ilé ìwòsàn ni kíá, kì í ṣe àgbo.