Ayàwòrán àti Àjèjì Tí Ó Yà

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ àjọṣe lè wà láàárín ayàwòrán àti àjèjì tí ó bá pàdé fún ìṣẹ́jú díẹ̀?

Ìdáhùn: Ó lè wà, ṣùgbọ́n kì í sábà dọ́gba. Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba ni ti Dorothea Lange àti Florence Owens Thompson. Ní oṣù Kẹta ọdún 1936, Lange, tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà síṣẹ́ ayàwòrán, yà sí àgọ́ àwọn alágbàṣe oko ní Nipomo, ní California. Ó bá obìnrin ẹni ọdún 32 kan lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó yà á léraléra, ó ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ojú ìyá, ọwọ́ tó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọ-ọwọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àti ọmọ méjì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà. Lange mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Kò béèrè orúkọ.

Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé àwòrán náà jáde, oúnjẹ wọ àgọ́ rẹpẹtẹ, àmọ́ Thompson ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ọdún 1978 ni aráyé tó mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ráhùn pé òun ò rí kọ́bọ̀ gbà lórí àwòrán náà. Ti owó kì í ṣe ẹ̀bi Lange, nítorí ìjọba ló ni àwòrán. Ti orúkọ ni ó ṣòro láti gbè é lẹ́yìn. Síbẹ̀, ní 1983, nígbà tí Thompson ń ṣàìsàn, àwọn tí kò rí i rí àfi nínú àwòrán náà dá owó tó lé ní 30,000 dọ́là fún ìtọ́jú rẹ̀.